Aṣọ Funfun Tí Kò Ní Àpò

Oṣù tó kọjá ni a sin ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé ilé rẹ̀ ní Fourways, tí àwọn èèyàn ń bu oúnjẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Nómsà fà mí wọ ilé ìdáná, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí ìdí tí bàbá òun kò fi tẹ ilé bàbá tirẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa iná sítóòfù, pé ọbẹ̀ ń jóná. Ọbẹ̀ kankan kò jóná. Ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé, èmi kò sì lè wo ojú yẹn kí n fi ẹnu mi sọ ọ́. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyẹn. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ohun tó sì dá ìwé náà dúró wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, kó fojú fò ó. Orí mi ti funfun tán. Bàbá ti lọ, Màámi ti lọ, Gógó MaDlamini ti lọ, Káyọ̀dé náà ti wá tẹ̀ lé wọn. Èmi nìkan ni mo kù tí mo mọ bí ilé yẹn ṣe dún.

Troyeville ni ilé náà wà, ní òpópónà kan tó da gẹ̀rẹ́ lọ sí Bertrams, ilé àtijọ́ onípáànù tí irin fáràǹdà rẹ̀ ti dípẹtà. Láti Maseru ni a ti wá síbẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n Bàbá ti ń ṣe tíṣà. Bàbá ní iṣẹ́ télọ̀ kò rìn ní Maseru, pé Johannesburg ni aṣọ èèyàn ti ń tètè ya. Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ọdún náà ni àwọn onílùú ń kọrin kiri títì lójoojúmọ́, tí ẹni tó wà nínú ilé kò lè mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìjà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìgbálẹ̀ Gógó ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá àgbà ni, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ó ti wà níbẹ̀ kí àwa tó dé, ó sì máa ń gbálẹ̀ àgbàlá bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Lẹ́yìn náà àwọn àdàbà lórí páànù, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin tó ń gba apá Jeppe kọjá, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá, tí yóò máa dún títí oòrùn yóò fi wọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni fáràǹdà. Lójoojúmọ́ ni mo ń kúnlẹ̀ fi pólíìṣì pupa pa simẹ́ńtì rẹ̀ títí yóò fi máa dán, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yẹn ṣe ń ṣe é, Màámi kò sì fẹ́ kí wọ́n ní àwọn ará Nàìjíríà dọ̀tí. Orúnkún pupa ni mo fi ń lọ sí ilé ìwé. Míísìs Náídù tíṣà mi a ní, "Àdùkẹ́, o tún ti lọ kúnlẹ̀ fún ọba yín." Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Òun ló sọ fún Màámi pé ọmọ yìí yóò di nọ́ọ̀sì, àfi bí ẹ bá dí i lọ́wọ́.

Kò sí iṣu ní ìlú yẹn nígbà náà, tàbí kó jẹ́ pé a ò mọ ibi tó wà. Páàpù, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí gbogbo ilé ń rò níbẹ̀, ni Màámi sọ di iyán. Yóò rò ó, yóò tún un rò, òógùn á máa dà lójú rẹ̀, títí yóò fi fà, yóò sì gbé e síwájú Bàbá láìrẹ́rìn-ín pé iyán rèé. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ ni móróògò, ewé tí Gógó fi hàn án lẹ́bàá ilé, ó ń fi ẹ̀pà lílọ̀ sè é. Bàbá a jẹ ẹ́ tán, a pọ́n ìka lá, a ní, "Ìyá Káyọ̀dé, iyán yìí kúnná." Màámi a ní, "Ẹ ò bá kókó níbẹ̀, àbí?" Káyọ̀dé a sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé páàpù ni, páàpù ni gbogbo ayé ń pè é, kí ló dé tí a ò lè pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Bàbá kì í dá a lóhùn lórí oúnjẹ. Ó ní ẹni tó bá jà nídìí àwo, àwo ló ń bá jà.

Bàbá ló ra gìtá fún un, mo fẹ́ kí Nómsà mọ ìyẹn. Inú gbọ̀ngàn kan ní Bertrams ni ìjọ wa ti ń jọ́sìn, àwa ìdílé mélòó kan láti ilé, Káyọ̀dé ló sì ń ta gìtá sí orin. Ìka rẹ̀ máa ń rìn lórí okùn bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi nìkan ni Bàbá fọwọ́ sí. "Gìtá Ọlọ́run ni mo rà, kì í ṣe gìtá ọtí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, ìdí ẹ̀rọ kejì ni kí Káyọ̀dé wà, kó máa kọ́ iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ tí kò bá a mu rárá. Ó rán apá ọ̀tún mọ́ òsì lára aṣọ ilé ìwé ọmọ kan, ọmọ náà wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ wá bá wa pariwo ní èdè Potogí. Bí Bàbá bá jáde báyìí, Káyọ̀dé á gba ẹ̀yìn lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n: Sípò onílù, ọmọ Alexandra, tó ń wọ takisí méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Lérátò tó ń kọrin, àti Fíníàs, tó ń ta gìtá olóhùn ńlá, tí kì í sì í sọ̀rọ̀. Orin tí wọ́n ń kọ kò bá ti ìjọ mu, kò sì bá ti rédíò mu. Èmi ni mo ń parọ́ fún Bàbá pé ó lọ ra okùn. Èmi náà ni mo ń bá a rán bọ́tìnnì tó yẹ kó rán mọ́ aṣọ.

Nígbà tí fíìmù dé, nǹkan yí padà. Ẹni tó gbé e wá ni Pítà, òyìnbó kan tí irun rẹ̀ kan èjìká, tí bàtà rẹ̀ sì ti lu. Kì í ṣe àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá ya fíìmù o. Àwọn mẹ́rin péré ni, kámẹ́rà kan tí wọ́n yá, àti mọ́tò kan tí wọ́n ń tì kó tó jí. Fíìmù náà dá lórí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin olórin tí wọ́n kẹ̀yìn sí ilé bàbá wọn, tí wọ́n kọ̀ láti kọ orin tí wọ́n ní kí wọ́n kọ, tí wọ́n ń wá òmìnira kiri Johannesburg. Pítà gbọ́ àwọn Káyọ̀dé níbi tí wọ́n ti ń dánra wò, ó ní kò sí òṣèré tí òun tún ń wá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an ni òun fẹ́. Káyọ̀dé gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí fáràǹdà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró, kò jókòó. Bàbá tẹ́tí títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Òmìnira kúrò lọ́wọ́ ta?" Bàbá bi í.

Káyọ̀dé fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé kúrò lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

"Èdè tí ìyá rẹ fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún ni kí o fi dá mi lóhùn."

"Lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, sà."

"Ṣé èmi náà wà nínú gbogbo èèyàn yẹn?"

"Fíìmù ni, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ."

Gógó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí ni à ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó ní, "Eish. Òmìnira. Wọ́n ti kéde tiwa lórí rédíò. Àwọn tí mò ń fọṣọ fún ní Sandton kò tíì tan rédíò tiwọn." Àwa yòókù rẹ́rìn-ín, Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Màámi ló bá a dá sí i. Ó kúnlẹ̀, ohun tí kì í ṣe lójú àwa ọmọ, ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ọmọ tí a bá so mọ́ igi, bó bá tó gẹ́ẹ́, tòun tigi ni yóò lọ." Bàbá wo Màámi, ó wo Káyọ̀dé, ó ní kó máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kó má sì bú àgbà kankan nínú fíìmù náà. Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pólíìṣì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àyà ẹ̀wù rẹ̀ pupa bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá fúnra rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n máa wọ̀. Káyọ̀dé ní aṣọ ara wọn ni. Bàbá ní ọmọ télọ̀ kò ní wọ àkísà níwájú ayé. Ó mú aṣọ kan tó nípọn, aláwọ̀ bí ti wáìnì, tó ti wà nínú àpótí láti Maseru, ó fi rán jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí bí mo bá fẹ́ rántí pé ilé wa dára rí. Káyọ̀dé ló ń di téèpù mú, Bàbá ń pe nọ́ńbà, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Sípò wá fún ìwọ̀n, ó ti kọ́ "ẹ kú iṣẹ́", ó sì ń kí Bàbá bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ oúnjẹ ni Bàbá ń jẹ. Bàbá ní, "Dúró dáadáa, ìwọ yìí. O ń mì bí ìlù rẹ." Sípò ní, "Ẹ rán an kó fún mọ́ mi lára díẹ̀, Baba, àwọn ọmọbìnrin Alexandra ń wo ìgbáròkó." Mo túmọ̀ ìyẹn pẹ̀lú ìtìjú. Bàbá ní kí n sọ fún un pé ìgbáròkó kọ́ ni òun ń wò, gígùn apá ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó fún mọ́ ọn lára. Mo rí i nígbà tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Ìgbà tí jákẹ́ẹ̀tì parí ni Káyọ̀dé gbé aṣọ funfun wá. Ó ní Pítà fẹ́ ẹ̀wù gígùn kan, kó balẹ̀ dé ẹsẹ̀, alápá gígùn, ìwọ̀n òun Káyọ̀dé ni kí wọ́n fi rán an. Ẹ̀yìn rẹ̀ kó là gbalasa, kó má sì ní àpò.

"Aṣọ kí ni?" Bàbá béèrè.

"Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni, sà. Orin ìjọ la máa kọ ní ìparí fíìmù."

"Kí ló dé tí ẹ̀yìn rẹ̀ là?"

"Kó lè yá láti bọ́ ni, sà."

"Àpò ńkọ́?"

Káyọ̀dé ní Pítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́, ó wo aṣọ náà, ó padà sí ìdí ìkòkò. Bàbá fi àtàǹpàkò pa aṣọ náà lára fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó kọrin bó ṣe ń rán an. Ó fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe, ó sì sọ fún Màámi pé Ọlọ́run ti gbọ́ òun, fíìmù àwọn aláìgbọràn ti parí sí ilé ìjọsìn. Mo ti rò ó títí. Ó ti pé ogún ọdún tí Bàbá ti ń ránṣọ nígbà yẹn, ó sì ti rán fún òkú ní Iléṣà láìmọye ìgbà. Kò sí télọ̀ tí kò mọ ẹ̀wù tí ẹ̀yìn rẹ̀ là, tí kò ní àpò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Òun alára ni kò fẹ́ mọ̀, nítorí pé ó ti ń gbádùn ọmọ rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màámi gbé mọ́ínmọ́ín fún mi nínú abọ́, ó ní kí n gbé e lọ fún wọn ní Bertrams, ní gbọ̀ngàn kan náà tí ìjọ wa ń lò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fíìmù lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo rí àwọn èèyàn tó dúró yípo tí wọ́n dorí kodò, mo rí Lérátò tó ń sunkún, mo sì rí pósí lórí bẹ́ǹṣì méjì. Káyọ̀dé wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wù Bàbá ló wọ̀. Wọ́n ti fi pàúdà kun ojú rẹ̀, wọ́n ti ki òwú bọ ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Kámẹ́rà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, Pítà ń tún iná ṣe. Káyọ̀dé la ojú kan, ó rí mi, ó ṣẹ́jú sí mi, ó fi ìka lé ètè. Èyí tó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín ló bà mí lẹ́rù jù. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo yí padà, mo ń sáré. Mo kọjá títì nígbà tí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, wà ní pupa, àwọn onímọ́tò ń bú mi. Ó ṣeé ṣe kí n dákẹ́. Ìka tó fi lé ètè, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo tún rántí pé láti oṣù kan sẹ́yìn, bọ́tìnnì rẹ̀ àti bọ́tìnnì mi, èmi nìkan ni mò ń rán an, tí òun ń wá òmìnira kiri. Ìgbà tí mo dé fáràǹdà, ẹnu mi ti là.

"Bàbá, Bọ̀ọ̀dá wà nínú pósí."

"Pósí wo?"

"Wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́ nímú, sà. Aṣọ tí ẹ rán ló wọ̀."

Bàbá dìde. Téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì wọ bàtà. Màámi ti inú ilé jáde, ó fẹ́ tẹ̀ lé e, Bàbá na ọwọ́ sí i. "Ìwọ, jókòó. Ìyá kì í fojú rí i." Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Nílé wa, òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, bàbá tàbí ìyá, wọn kì í mọ ojú sàréè. Bàbá mọ̀ pé òun náà kò yẹ kó lọ. Ó lọ. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n ní Ìjẹ̀ṣà, èyí tí kì í sọ àfi bí inú rẹ̀ bá ti kọjá ibi tí Yorùbá gbogbo èèyàn lè gbé e dé.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí yà á nígbà tí a dé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé róòlù fíìmù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Pítà, ó sì ti kìlọ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró. Bàbá kọjá níwájú kámẹ́rà, ó dúró létí pósí. Ó ní, "Káyọ̀dé." Káyọ̀dé kò mira. Ó ní, "Káyọ̀dé, èmi bàbá rẹ ni mò ń pè ọ́." Mo rí bí ojú tó dì ṣe ń gbọ̀n. Róòlù ni Káyọ̀dé ń rò, ó sọ ọ́ fún Sípò lẹ́yìn náà. Bàbá kò mọ̀ nípa róòlù. Ó pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú pósí, ọmọ kò dá a lóhùn. Nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ yí padà, kò jọ ti Bàbá mọ́, Káyọ̀dé sì jókòó. Bàbá fa òwú yọ ní imú rẹ̀, ó jù ú nù.

"Jáde. Kí o jó."

"Bàbá?"

"Nílé bàbá mi, ẹni tí wọ́n bá tẹ́ bí òkú láìkú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi jó o dànù, lójú gbogbo ẹni tó rí i níbẹ̀. Jó, ká máa lọ sílé."

Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rí ẹsẹ̀ Bàbá bó ṣe gbé e láti fi hàn án, ẹsẹ̀ lásán, lórí simẹ́ńtì tútù. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Sípò bi mí ohun tí bàbá ń sọ, mo túmọ̀ rẹ̀. Sípò ní, "Shap, kì í ṣe nǹkan. Káyọ̀dé, jó díẹ̀ fún àgbàlagbà, màá lù ú fún ọ." Ó tilẹ̀ fi ìka kan ìlù rẹ̀. Bóyá bí kò bá kan ìlù yẹn, Káyọ̀dé ì bá jó. Káyọ̀dé wo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Lérátò, Fíníàs, Pítà, ó tún wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mi ò ní jó, sà." Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá tó mọ́.

"O purọ́ fún mi. O jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi rán aṣọ òkú fún ọ. Mi ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Ijó nìkan ni mo ní kí o jó."

"Irọ́ tí mo pa kò dáa, Bàbá, mo bẹ̀ yín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a wá ṣe níbí nìyí. Ẹ ò lè wá mú mi jó níwájú àwọn èèyàn mi bí ọ̀bọ."

"Bí o kò bá fi ẹsẹ̀ rẹ jó jáde níbí," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "má fi ẹsẹ̀ náà wọ ilé mi. Òkú kì í wọlé."

Kámẹ́rà náà dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó dákẹ́. Róòlù ti tán.

Káyọ̀dé kò wá sílé. Alexandra ló sùn sí, lọ́dọ̀ Sípò, ó sì di ará ibẹ̀. Pítà parí fíìmù rẹ̀ láìsí ìsìnkú nínú rẹ̀. Gógó lọ wò ó nígbà tí wọ́n fi í hàn ní gbọ̀ngàn kan, ó ní àwọn ọmọ náà kọrin, wọ́n sá, wọ́n bá ọlọ́pàá jà, lẹ́yìn náà ọmọ tó ń ta gìtá wọ takisí kan, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì wọn dára. Ní ti èmi, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ pósí ni Bàbá pè mí jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì. Mo ní, "Ilé ìwé ńkọ́, sà?" Ó ní ìwé kò ní sá lọ, aṣọ àwọn èèyàn ló wà nílẹ̀. Míísìs Náídù wá lẹ́ẹ̀mejì. Màámi fún un ní tíì, Bàbá fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ọwọ́ ni òun kò ní, obìnrin náà mu tíì rẹ̀ tán, ó wo orúnkún mi, ó lọ. Mi ò di nọ́ọ̀sì. Télọ̀ ni mí títí di òní. Wọ́n ní ìlú náà ń di òmìnira lọ́dún yẹn, mo gbọ́ orin rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ mi wà lórí ẹ̀rọ.

Ìbínú Bàbá kò pẹ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ṣe ni ó ń yọ́, díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí fáràǹdà ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kó máa wo ìsàlẹ̀ òpópónà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ti Alexandra wá ránṣọ, Bàbá á bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó sọ fún Màámi nínú yàrá pé, "Bó bá dé, mi ò ní sọ̀rọ̀ ijó mọ́. Kó kàn wọlé." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ lápá kejì ògiri.

Nómsà, ohun tí o bi mí rèé. Bàbá rẹ wá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà òtútù, koríko ti gbẹ níwájú ilé. Màámi lọ sọ́jà, Gógó wà níbi iṣẹ́, Bàbá dùbúlẹ̀ sínú yàrá nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Mo ń pa pólíìṣì. Mo gbọ́ orúkọ mi, mo gbójú sókè, ó dúró lẹ́yìn géètì pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wáìnì náà. Ó ti rù. Mi ò dìde.

"Àdùkẹ́, ṣé dáadáa ni?"

"Ẹ káàsán, sà."

"Ó ti di sà báyìí? Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?"

Ó rí ìdérí ìka tí a fi ń ránṣọ ní ìka mi. "O ò lọ ilé ìwé lónìí?"

"Ta ló máa rán aṣọ?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Má bínú." Mo dúró de èyí tó kù, mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ síwájú sí i, pé yóò ní òun mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí òun tó lè lọ máa ta gìtá. Kò sọ ọ́. Ohun tó bi mí ni pé, "Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n jáde."

"Inú wọn ti rọ̀?"

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìkọ́ géètì. Kò ju kó gbé e lọ. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn kò ní ọmọ tó ń jẹ́ Káyọ̀dé."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún. Ó ní kí n bá òun kí Màámi. Ó yí padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá Bertrams, kò yára, mo sì mọ̀ pé bí mo bá pè é yóò gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti Sípò wọkọ̀ lọ sí Durban lọ wá ibi tí wọ́n ti lè kọrin, wọn kò sì padà títí Bàbá fi kú. Nígbà tí Káyọ̀dé dé, Màámi lọ bá a, ó sọ fún un pé Bàbá ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó lọ náà, pé ó ti dárí jì í kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Káyọ̀dé wò mí. Ó wò mí pẹ́, kò sì sọ nǹkan kan fún Màámi, kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ, kò sọ ọ́ fún mi títí a fi gbé e sin. Ohun tó sọ kò ju pé ta ni òun tún fẹ́ lọ bá nínú ilé yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, mo ṣì ń wo ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nígbà tí Bàbá pè mí láti inú yàrá.

"Àdùkẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹnì kan, sà. Ẹnì kan tó ṣìnà ni."

"O júwe ọ̀nà fún un?"

"Mo júwe ẹ̀ fún un, sà."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."